Ìjókòó Aláwọ Pupa

Ẹni tó bá sọ pé ohun dáadáa kì í pọ̀ jù, kó wá wo ẹ̀yìnkùlé mi. Ìjókòó bàálù méjì ló wà níbẹ̀, awọ pupa dídán. Ọkọ mi ń jókòó sórí ọ̀kan lójoojúmọ́, kò sì mọ̀, torí mo fi aṣọ bò ó, mo ní ti mọ́tò àlòkù ni. Èkejì ńkọ́? Màá kúkú jókòó sórí òkúta.

Mẹkáníìkì mọ́tò ni ọkọ mi. Kí n tó bí ìbejì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, tó ń sọ pé òun máa fi bàálù gbé mi, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi bí àpótí ṣe dé lọ́jọ́ kan: bàálù ní wẹ́wẹ́, tí ẹni tó rà á máa tò pọ̀ fúnra ẹ̀. Tíṣà kan tá a jọ ń lo ṣẹ́ẹ̀dì kan ní pápá bàálù, níbi tá a ti ń tò ó, ra irú ẹ̀ gan-an.

Kò ṣoge rárá. Páànù fẹ́lẹ́, ìjókòó kánfáàsì méjì, ẹ́ńjìnnì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti alùpùpù lọ. Ṣùgbọ́n epo díẹ̀ ló ń mu, ilẹ̀ kékeré ló fi ń sáré, tó bá sì ti gbéra, ẹ máa wá a tì. Èmi ni mo ń di páànù mú tí ọkọ mi fi ń lu ihò sí i. Ọwọ́ mi bó.

A ti ń parí ẹ̀ lọ nígbà tí dókítà yẹ ojú ọkọ mi wò. Ó ní ojú náà ń kú lọ, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. "Ìwé ìwakọ̀ òfuurufú yín ṣì dára títí di àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Bàbá, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ojú yìí ṣe, ẹ tètè ṣe é."

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká fò."

"Lórí ìjókòó kánfáàsì? Ìyàwó tèmi? Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí mi. Ó yọ kánfáàsì, ó fọwọ́ ara ẹ̀ rán ìjókòó aláwọ. Ó fi fóòmù bo gbogbo inú bàálù. Ó tún fi rédíò kejì sí i. Bàálù wúwo, ló bá yọ ẹ́ńjìnnì kékeré, ó fi ńlá rọ́pò ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá ń fẹ́ táǹkì ńlá. Imú bàálù wá tẹ̀ sílẹ̀, ló bá lọ so òjé mọ́ ìrù. Òjé! Lára ohun tó fẹ́ fò! Ẹ gbà mí o.

Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àṣejù baba àṣetẹ́."

Ọkọ mi pòṣé. "Máa fi agolo ẹ fò lọ."

Agolo náà sì ń fò lóòótọ́. Bí ìyàwó tíṣà bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ni, irun ẹ̀ á ti dàrú. Mo jowú ẹ̀, mi ò ní purọ́. Tíṣà ní òun á gbé èmi náà, mo kọ̀. Ọkọ mi ni mo fẹ́ kó gbé mi.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ lára bàálù tí àyẹ̀wò fi pé. Ọkọ mi ò rí lẹ́tà tó tóbi jù lára ògiri. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ló ra bàálù náà. Ó tú fóòmù, ó tú rédíò, ó tú òjé dànù. Ó dá ẹ́ńjìnnì kékeré padà sípò. Ó wá gbé àwọn ìjókòó wá bá mi: "Mọ́mì, ẹ má bínú, wọ́n ti wúwo jù."

Lánàá, a wà lẹ́yìnkùlé, ìró bàálù kan kọjá lókè. Ọkọ mi gbé ojú tí kò ríran mọ́ sókè.

"Ṣé tiwa kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ó ga?"

"Ó ga dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ara á máa tu ọmọ yẹn lórí àga mi."

Mo fẹ́ dákẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi tipẹ́. "Orí ẹ̀ lẹ wà yẹn, Bàbá Ìbejì. Ó dá a padà."

Ọwọ́ ẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ, ó ń wá ibi tó rán. "Torí ẹ ni mo ṣe ṣe é," ó ní. "Kí ìdí má baà dùn ọ́."

"Ta ló béèrè àga lọ́wọ́ yín? Mo fẹ́ fò ni."

Bàálù náà yí po lórí ilé wa lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi nìkan ni mo rí i.