Kí Àtẹ Tó Dé Orúkọ Yúnúsà

"Mummy, mo ní kí ẹ jókòó! Kọ̀ǹpútà ń to orúkọ lọ́wọ́."

Nojeem akọ̀wé ló ń fọhùn báyẹn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kabirat tó ń bá wí wà nínú aṣọ opó. Yúnúsà ọkọ rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Ìrẹ̀pọ̀ n'Íkòsì, kú lóṣù tó kọjá. Ọdún 2006 ni. Ọ́fíìsì wa ló gba iṣẹ́ kíkọ orúkọ àwọn onísọ̀, ọjọ́ yẹn ló sì kẹ́yìn. Opó tí kò bá gba ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ sórúkọ ara rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ìsọ̀ ti di tẹbí ọkọ.

Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń wo kọ̀ǹpútà oníranù náà. Bó bá fi orúkọ kan sórí àtẹ, á nu gbogbo rẹ̀ nù, á tún un tò láti òkè, kó tó fi òmíràn sí i. Àìmọye onísọ̀ ló wà níbẹ̀, létòlétò láti A; Yúnúsà wà nísàlẹ̀ pátápátá, a ò sì lè yí i kó tó yọ.

Bẹ́ẹ̀ Níyì tó ṣe ètò náà ti wá tún un ṣe! Ó ní kó kó gbogbo orúkọ jọ ná, kó wá tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wàrà ló ń ṣí. Àmọ́ Ọ̀gá Adékọ̀yà ní inú yàrá òun nìkan ni kí wọ́n fi èyí tó yá sí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, á wọlé. Ẹni tí kò bá lówó ìkíni, kó máa wo Nojeem. Ẹ̀yin èèyàn, ìkà wo ló ju èyí lọ?

"Aunty," Kabirat pè mí jẹ́jẹ́, "lẹ́tà wo ló kàn?"

"M ni, mà."

"Yéè! Wọ́n ti kí Alásàárì, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń lọ, omi sì ti gba ọ̀nà. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú opó síta lẹ́sìn wa. Ìsọ̀ yẹn nìkan sì làwọn ọmọ mi ní."

N ò kanlẹ̀kùn tí mo fi wọ yàrá ọ̀gá. Junaid, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló jókòó síbẹ̀, tó ń mu mọ́ọ̀tì tútù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó Yúnúsà ṣí i níbí. Kò ní pẹ́ rárá."

"Súmbọ̀, ṣé opó ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni?"

Junaid rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dààmú ara yín, Aunty. Ìyàwó wa mọ ẹ̀sìn. Bílẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á lọ sílé."

Àṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí obìnrin yẹn ní gan-an ni wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ẹ jẹ! Mo jáde, mo sì pariwo kí wọ́n lè gbọ́ nínú lọ́hùn-ún: "Mummy, ẹ ò gbọdọ̀ dìde o! Ẹ dúró kó dé Y!"

Kabirat wo ojú fèrèsé, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó sì jókòó padà. Nojeem ń fi igi tayín. R dé, S dé, T dé. Orúkọ kan á wọlé, gbogbo àtẹ á pa rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀. Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, omi ń dà lójú obìnrin náà, kò nù ún. Kò sì dìde.

Níkẹyìn, Yúnúsà yọ.

"Alihamudulilahi!" Kabirat fò sókè. "Òun nìyẹn! Ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Níwájú orúkọ olóògbé, níbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni ìsọ̀ sí, Junaid ni mo bá. Aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀sán ni wọ́n ti kọ ọ́ láti inú yàrá ọ̀gá.

"Nojeem, kí nìyí?"

"Èmi kọ́ o. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nìyẹn."

Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ṣí. Junaid jáde, ó na ọrùn wo ìta, ó wá kọjú sí Kabirat, ó ń mi orí.

"Háà, ìyàwó! Ilẹ̀ ti ṣú, inú opó lo sì wà. Kí lo ń wá níta?"