Ẹkún Tí Ìsọ̀ Orí Fóònù Kọ̀

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àpótí mọ́ra. Ẹni tó bá pọn ọmọ kó sọ̀ ọ́, kó fún un lọ́mú. Ìtàn ẹkún ni, mi ò fẹ́ kí ẹkún ọmọ bò ó mọ́lẹ̀.

Mujeebah ń tú ọ̀ọ̀lẹ̀ kúrò nínú ewé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ìsọ̀ orí fóònù, níbi tí gbogbo ayé ti ń gba áàpù, ti kọ áàpù tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ohùn ìyá rẹ̀ àgbà, Àgbékẹ́, ló wà nínú áàpù náà, ẹkún ìyàwó tó sun lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, tí Mujeebah ní kó tún sun, tó sì gbà á sílẹ̀. Ọ̀fun ń da ìyá náà láàmú. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ti ní ohùn lè má padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pe àwọn ìyá àdúgbò jọ, kí oníkálukú gba áàpù náà sórí fóònù, kí Àgbékẹ́ tó lọ.

Fàtímọ̀, ọ̀rẹ́ Àgbékẹ́ láti kékeré, bèèrè ohun tí wọ́n ló ṣe é. Mujeebah ní wọ́n ní àwọn gbọ́ obìnrin kan tó ń sunkún bíi pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, àwọn kì í pàtẹ irú ẹ̀.

Ni Fàtímọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. “A sun rárà, wọ́n ní à ń sunkún. Ẹkún wo? Èmi tí mo sun tèmi, tí mò ń yọjú wo ọkọ lábẹ́ ìbòrí!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àgbékẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mujeebah rí i, ó sì rò ó pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sí wọn, ó sì tẹ ohùn náà kó lè mú ibi tó dùn jù ránṣẹ́:

*Ìyá mi, ẹ má tìlẹ̀kùn,*
*ẹsẹ̀ mi kan ṣì ń bẹ nínú ilé.*
*Ọ̀nà ilé ọkọ gùn,*
*ẹ sìn mí dé ìdí ìrókò.*

Níbi “nínú ilé,” ohùn náà já, ó sì tún so.

Àgbékẹ́ gbọ́wọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ há. “Kí lo kọ sí wọn?”

“Mo ní kì í ṣe ẹkún, Màámi. Mo ní orin ni.”

“Pa á rẹ́.”

Ìyá náà gbé itọ́ mì pẹ̀lú ìrora. “Mi ò fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. Mo sun ún kí wọ́n lè mọ̀. Wọ́n ní ohùn mi dùn, wọ́n sì ń gbè é. Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ mi.”

Fàtímọ̀ gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Àgbékẹ́, èmi ni mo léwájú ègbè.”

“Mo mọ̀.”

Mujeebah pa ohun tó kọ rẹ́. Ó kọ òmíràn: ẹkún ni lóòótọ́, ẹni tó sun ún ló sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Bóyá wọ́n á gbà, bóyá wọn ò ní gbà. Ó fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù náà sáàárín ẹní, ó sì tún tẹ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbè é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Wọ́n yó, wọ́n ṣàdúà, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Fàtímọ̀ ló lọ kẹ́yìn. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Mujeebah wá kó abọ́. Ó bi ìyá náà bóyá kí òun bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i fún un.

“Mo ti yó, ọmọ mi,” ni Àgbékẹ́ wí.

Mujeebah wo abọ́ ìyá náà. Ó ṣì kún.