Ìdọ̀tí Orí Lẹ́tà

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo ba ìwé ọkọ mi jẹ́. Ejike tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ nǹkan kan, ẹ má bá a wí.

Ọkọ mi, Alárápé, lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ Néfì. Òun ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn inú ọkọ̀ ojú omi: ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, ó ń di egbò fún wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wá bá mi ní Asata, nílùú Enugu níbí. Mo rò pé oorun ni yóò máa sùn. Ó ní òǹkọ̀wé lòun fẹ́ dà.

Mo ní, "Bàbá Muhsinah, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ 'ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́', kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kọ?"

Ó lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́fà.

Bó ṣe ń kọ ìwé aláìsàn náà ló ṣe ń kọ tirẹ̀. "Aago méje àárọ̀. Ara òkun kò yá." Lẹ́yìn ìrun àsùbá, á kà á sí mi létí, èmi á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí a fi dé orí kẹsàn-án. Orí yẹn dá lórí Kúnmi, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tí inú rírun kan tó fẹ́ iṣẹ́ abẹ mú lójú agbami. Èbúté ṣì jìn sí wọn ní ìrìn ọjọ́ méjì. Ọwọ́ ọkọ mi lọmọ náà dì mú tó fi kú.

Ó ní, "Nítorí orí yìí ni mo ṣe kọ mẹ́jọ tó ṣáájú. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Kúnmi."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ yẹ̀yẹ́. Ó dáa, mo dín in kù.

*Ọkọ̀ Mi Àkọ́kọ́* ni orúkọ tó sọ ìwé náà. Ó gbé e fún Ejike, ọmọ Ígbò tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Ogui. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní New Market níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnnì àti síìpù. Oníbàárà kan ń fi ìnájà gbẹ̀mí mi lọ́wọ́ ni Ejike bá pè mí.

"Madam, this oga book get plenty dirty for top of the letters, e still dey under. I dey call am, e no dey pick. Make I clean am?"

"Clean am well well, abeg!"

Ẹyin lohùn. Ejike nu gbogbo àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ kúrò tónítóní, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Àárọ̀ ọjọ́ ìkójáde gan-an ni ìwé dé, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. *OKO MI AKOKO* ló wà lára ẹ̀yìn ìwé. Ọkọ mi kò wọ awò ojú, ó kàn ń fọwọ́ pa á lára, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rí i. Àmọ́ ẹnu mi kò gbà á láti sọ.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá kún, Alhaji Zulkifli, alága wa, ní kí Kúnlé tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ka ìwé fún wa. Enugu ni wọ́n bí Kúnlé sí. Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá rẹ̀, fìlà ló kàn dé. Ó gbóhùn sókè:

"Ọkọ mi àkọ́kọ́ gùn ní igba ẹsẹ̀ bàtà. Ọgọ́fà ọkùnrin ló ń sùn nínú rẹ̀."

Àwọn obìnrin figbe ta. Kúnlé rò pé wọ́n ń yin òun ni, ló bá tún tẹ̀ síwájú.

"Ọkọ mi ti gbó, ó ń jò lábẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Fìlà Alhaji Zulkifli já bọ́ sílẹ̀, kò lè mú un nítorí ẹ̀rín. Ọkọ mi náà kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé kan, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀rín pòórá. Ó ń ṣí ìwé wàràwàrà, orí kẹsàn-án ló ń wá. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: tí Kúnlé bá débẹ̀, wọ́n á fi òkú ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín.

"Sikirat," ló wí. Kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀. "Ta ló nu àmì kúrò?"

Mo dìde, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Kúnlé. Mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Mo wá ní orí kẹsàn-án ni mo fẹ́ kà, ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín, kó lọ máa ra síìpù ní Onitsha.

N kò nílò àmì kankan. Ṣebí létí mi ló ti ń kà á láràárọ̀. Mo kà bí Kúnmi ṣe béèrè pé ṣé yóò dun òun, àti bí ọkọ mi, tó ti sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pé "kò ní í dùn ẹ́", kò ṣe rí i sọ fún un. Mo kà á parí. Alhaji Zulkifli ní, "Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Kúnmi." Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Omi ń dà lójú ọkọ mi, kò sì nù ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé páálí bírò kan síwájú mi, ó ní, "Jókòó." À ń fọwọ́ fi àmì sí ìwé ọ̀ọ́dúnrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní oṣù kan tí a fi ṣe é, ọrùn ọwọ́ mi wú, mo bú Ejike, mo tún bú ara mi. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá dé orí kẹsàn-án, ọkọ mi á gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Àmì orí Kúnmi, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo rẹ̀ sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá iṣan lápá ọmọdé.