Irin Tí Mo Fi Pa Èkùrọ́

Adéjọkẹ́ ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ Ògúnrìndé ni, Ògúnrìndé ará Òkukù tá a jọ ṣe sójà. Ó ní, “Bàbá Ìkìrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo bàbá mi. Ara wọn ò le rárá, orúkọ yín ni wọ́n ń pè.”

Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Ògúnrìndé tó kán lójú ogun. Èmi ni mo fà á. N ò sọ fún un rí. Bí ọ̀kan nínú wa bá lọ kí n tó sọ ọ́, mo gbé.

Ọ̀kadà ni mo gùn. A kọjá Inísà, n ò mọ̀ pé a ti kọjá, ìbọn àgbá tó kán an lẹ́sẹ̀ ni mo ń rò.

Kì í ṣe ìbọn téèyàn ń gbé kọ́ èjìká o. Ó ní táyà méjì, ẹ̀yìn mọ́tò la máa ń so ó mọ́. Sájẹ́ńtì wa sọ pé òyìnbó ló ṣe é fún ogun tiwọn, láti fi fọ́ ọkọ̀ ogun onírin. Ó ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kéré, ọta rẹ̀ ń ta dànù lára ọkọ̀ bí òkò lára ìjàpá. Ni wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n fa ọrùn rẹ̀ gùn. Nígbà tó fi dé ọwọ́ wa, ó ti darúgbó, àmọ́ ó ṣì ń bú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ọkọ̀ onírin: katakata oko ni, wọ́n fi páànù bò ó. Ògúnrìndé wo ojú ìbọn, èmi ki ọta bọ̀ ọ́, gbòlà! Katakata náà dúró síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fífà la ń fà á kiri inú ẹrẹ̀.

Irin kan ló ń há ìbọn náà mọ́ mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, mo rí èkùrọ́ nídìí ọ̀pẹ. Mo fa irin yọ, mo fi ń pa á lórí òkúta. Wọ́n kígbe pé ká máa lọ! Mo ju irin sápò; nígbà tá a fẹ́ so ìbọn, mo gbàgbé ibi tí mo fi sí. Ẹ̀rù sájẹ́ńtì ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo gé igi, mo fi há a. Bá a ṣe ń gun òkè, igi kán. Ògúnrìndé ló ń rìn lẹ́yìn ìbọn. Ìbọn yí lé e lẹ́sẹ̀ òsì. Mo ní irin ló já sọ́nà.

Mo dé Òkukù. Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó mú mi wọ yàrá. Ògúnrìndé ti rù.

“Bólúwají! O ṣì wà láyé? Mo rò pé ẹranko ti jẹ ọ́.”

“Ẹranko wo ló máa jẹ egungun?”

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé e. Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, “Ògúnrìndé, ọjọ́ tí ìbọn yí lé ọ, irin ò já sọ́nà o. Èmi ni mo yọ ọ́, mo fi pa èkùrọ́. Igi ni mo fi há a.” Omi ti ń bọ́ lójú mi. “Bó o bá ní kí n jáde, màá jáde.”

Ó gbójú sókè wo àjà. Fáànù ń yí. Ó ní, “O sì dá èkùrọ́ ọ̀hún jẹ.”

“Háà?”

“Mo mọ̀, jàre. Ṣebí ìwọ lo pọ̀n mí lọ́jọ́ náà? Irin yẹn ń gún mi nítan láti inú àpò rẹ.”

“O mọ̀! Kí ló dé tó ò wí?”

“Kí n wí fún ta ni? Wọn ì bá dè ọ́ mọ́gi. Ta ni ì bá wá pọ̀n mí? Máìlì mẹ́ta, nínú òjò, ò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.”

“Lẹ́yìn ogun ńkọ́?”

“Mò ń retí kó o sọ. Mo ní ọmọ Ìkìrun yìí á sọ lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. O mà lágídí o!” Ó mí kanlẹ̀. “Inú bí mi, n ò ní purọ́. Nígbà tí n ò lè jó níbi ìgbéyàwó ara mi, inú bí mi gan-an. Lẹ́yìn náà, ó tán.”

Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì. Láti ọjọ́ tí ìbọn yí lé e, n ò rí i rí, ṣòkòtò ló fi ń bò ó. Ó wọ́, ó tínrín bí apá ọmọdé.

“Òrí wà lójú fèrèsé. Ọwọ́ Adéjọkẹ́ ò le tó.”

Mo bu òrí, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹsẹ̀ náà láti orúnkún wá sílẹ̀.

“Rọra, àgbàyà!”

Mo rọra. Nígbà tó yá, ó dijú. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ dìde.

“Níbo lò ń lọ?” ó ní, kò lajú.

Mo tún bu òrí.