Ìwé Tí Kì Í Kọ Aburú

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa tú ilé ẹni tó fẹ́ràn wa. Àdúrà tí Akọ̀wé ń gbà láràárọ̀ nìyẹn báyìí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà. Tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ ọ́n gbà. Àlàáfíà ló máa ń tọrọ tẹ́lẹ̀, àti kí omi ẹ̀rọ má dá.

Ọdún méjìlélógún ló ti fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Òpópónà kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò náà: ilé mọ́kànlá lápá òsì, ilé mọ́kànlá lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ omi kan láàárín, àti pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi gíláàsì bò lójú. Inú pátákó yìí ni Akọ̀wé máa ń lẹ ìwé ìròyìn sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù. Ojú ewé kan péré ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó gbé kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tó fẹ̀yìntì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bímọ, ẹni tó yege ìdánwò, ẹni tó kun ògiri ọgbà rẹ̀ tó wá ń dán gbinrin, ọjọ́ ìgbálẹ̀, ọjọ́ eré ìdárayá àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló ń wà níbẹ̀. Ìwé Ayọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ẹ̀dà kan á wà lára pátákó, Akọ̀wé á sì lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ mọ́ ẹ̀dà kejì, á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kí wọ́n lè mọ̀ pé àdúgbò náà ń mí.

Aburú kankan kì í sí nínú rẹ̀. Òfin ni. Nígbà kan, kí Akọ̀wé tó gba iṣẹ́ náà, wọ́n kọ ikú awakọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn. Ìyàwó awakọ̀ náà ti ìrìnàjò dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀ nídìí ẹ̀rọ pé kóun bu omi mu, ó gbójú sókè, ó sì ka orúkọ ọkọ rẹ̀ lára pátákó. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. Ọdún kan gbáko ni kò fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Látìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti búra pé wọn ò ní fi ìwé kéde aburú mọ́ láé. Ẹnu ni wọn ó máa fi sọ ọ́, nínú ìpàdé tàbí nínú ilé, lẹ́yìn tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti jókòó, tí ènìyàn méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn ó dì í mú. Àánú ló bí òfin náà. Ẹnikẹ́ni ò lè bú àwọn tó ṣe é.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni Alága mú lẹ́tà kan wọ yàrá Akọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ni Alága kó tó fẹ̀yìntì, ó ṣì máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Akọ̀wé, ẹ jókòó ná."

Bó ṣe ní kó jókòó yẹn, Akọ̀wé mọ̀ pé aburú ló mú wá. Ó gba lẹ́tà, ó kà á. Ìjọba ìlú fẹ́ fẹ títì. Gbogbo ilé tó wà lápá òsì ni wọn ó wó. Bí àdúgbò kò bá fọwọ́ sí i, kí ogún ènìyàn buwọ́ lùwé, kí wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ilé tí Akọ̀wé ń gbé, apá ọ̀tún ló wà. Ṣùgbọ́n ilé kẹta lápá òsì, ti Káfíńtà ni.

Àbúrò olóògbé ọkọ Akọ̀wé ni Káfíńtà. Akọ̀wé fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí Akọ̀wé tó wọlé wá, nítorí náà "ìyàwó" ló ń pè é títí dòní, Akọ̀wé náà sì ń pè é ní "ọkọ mi". Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Káfíńtà ló ń wá láràárọ̀ wá ṣí fèrèsé fún un, á jókòó, kò ní sọ nǹkan kan, títí Akọ̀wé á fi jẹun. Òun ló kan pátákó ìròyìn. Òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ, yàrá kan tẹ̀ lé yàrá kan. Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ibi tó ti rí igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọjọ́ ìbí ọmọ.

"Ẹ má kọ ọ́ síwèé o," Alága wí.

"Mo mọ òfin. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ó ṣe wá sí ìpàdé? Ìpàdé tó kọjá, ènìyàn márùn-ún ló wá, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan."

"Ewúrẹ́ yẹn gan-an ò dúró parí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́.

"Ẹ kọ ohun tó máa fà wọ́n wá," Alága wí. "Ẹ ní ìjọba fẹ́ fẹ títì wa. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ó tán. Bí wọ́n bá ti dé, a ó ní kí wọ́n jókòó, a ó sì fi ẹnu sọ èyí tó kù."

Akọ̀wé gbàdúrà, ó sì tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Inú wa dùn láti kéde pé ìjọba ń bọ̀ wá fẹ títì àdúgbò wa. Ẹ wá gbọ́ ẹkúnrẹ́rẹ́ ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin." Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ti eré ìdárayá àwọn ọmọdé, ó ní Káfíńtà yóò kan bẹ́ńṣì tuntun mẹ́jọ fún un. Ó lẹ ẹ̀dà kan. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìkejì, ó fi ránṣẹ́, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Ọwọ́ ti mọ́ iṣẹ́ yẹn lára. Kò tilẹ̀ ronú sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Káfíńtà pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Lẹ́búlẹ́bú igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyàwó! Mo ka ìwé yín. Títì ńlá! Mo máa kun ilẹ̀kùn iwájú, kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó bá ń kọjá lè mọ ẹni tó ń gbébẹ̀."

"Ọkọ mi, ẹ ó wá sí ìpàdé, àbí?"

"Ìpàdé kẹ̀? Bẹ́ńṣì mẹ́jọ ńkọ́? Ìwọ lo kọ ọ́ síwèé kí n tó gbà. Ẹ máa ṣe ìpàdé yín lọ. Tí wọ́n bá bèèrè, bá mi sọ pé mo fọwọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Akọ̀wé. Ó rí i pé oòrùn ń ràn sí ọkùnrin náà lójú, pé ó dúró ni, kò jókòó, pé kò sí ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ronú kan obìnrin tó ṣubú níbi yìí kan náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní, "Ẹ rọra máa kàn án o," ó sì gbé kẹ́tùlù omi rẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ènìyàn méje ló wá. Ta ló máa ń jáde lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi nítorí ìròyìn ayọ̀ tó ti kà tán? Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé bí ènìyàn kò bá pé ogún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀. Alága wo àwọn àga tó ṣófo, ó sún ìpàdé síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Alága, ẹ jẹ́ ká lọ láti ilé dé ilé," Akọ̀wé rọra sọ sí i létí.

"Ká máa kan ilẹ̀kùn ká máa sọ fún wọn pé ilé wọn ti lọ? Ṣé ẹ fẹ́ pa ẹnì kan ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ò jìnnà."

Akọ̀wé gbà fún un. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní ni pé ara òun fúyẹ́ nígbà tó gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di àṣálẹ́. Alága, Akọ̀wé, àti aṣerunlóge tó ń gbé lójúkojú ilé Káfíńtà nìkan ló dé, òun náà sì wá yá agboòrùn ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù. Akọ̀wé ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ bàtà tó fi ń lọ ilé ìjọsìn, ó gba ọ́fíìsì ìjọba ìlú lọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, ó pọ́n ọn lé, ó gbé àga fún un.

"Màmá, ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lórí kí ni? Àdúgbò yín nìkan ló kọ̀wé ìdùnnú sí wa."

"Ìdùnnú wo?"

Ó ṣí fáìlì. Ìwé Ayọ̀ ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lábẹ́ rẹ̀, roboto, kò tilẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnì kan ti fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ "Inú wa dùn".

"Àwọn àdúgbò yòókù ń bínú," ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. "Nígbà tí àwọn ọ̀gá rí tiyín, wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín làwọn ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni."

"Ọmọ mi, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Màmá. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀."

Kò mọ bó ṣe délé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Alága àti aṣerunlóge, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ sílé kẹta lápá òsì. Wọ́n ní kí Káfíńtà jókòó. Alága dúró lọ́tùn-ún, aṣerunlóge dúró lósì. Bí òfin ṣe wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Akọ̀wé sì sọ ọ́.

Káfíńtà ò ṣubú. Kò sẹ́ni tó ní láti dì í mú. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí.

"Ọjọ́ wo ni lẹ́tà yìí dé?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn."

"Lọ́jọ́ tá a pàdé nídìí ẹ̀rọ, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, ọkọ mi."

Ó mi orí. "Mo gbọ́, Akọ̀wé."

Kò pè é ní ìyàwó. Láti ogójì ọdún ó lé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde, aṣerunlóge ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ilé tiyín ṣáà wà lápá ọ̀tún, Màmá," ó sọ ọ́ kí gbogbo òpópónà lè gbọ́. "Títì á fẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí yín."

Akọ̀wé sọdá sí apá ọ̀tún.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó rú òfin. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé: ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ohun tó wà nínú rẹ̀, ilé mọ́kànlá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé òun, akọ̀wé, ti mọ̀, òun ò sì sọ. Ó lẹ ẹ́ mọ́ pátákó. Kò fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ síbì kankan. Títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò dúró kà á. Àwọn tó ń kọjá, ẹrù ló wà lórí wọn. Bẹ́ńṣì mẹ́jọ wà lórí pápá, òjò ti pa wọ́n, kò sí eré ìdárayá kankan. Alága ti fi kọ́kọ́rọ́ ti gbọ̀ngàn ìpàdé pa, ó ní ara òun ò yá.

Akọ̀wé gbọ́ tí wọ́n ń lu òòlù, ó sì mọ ọwọ́ tó ń lù ú. Ó sọdá.

Ilẹ̀kùn márùn-ún ti fara ti ògiri nínú oòrùn. Inú ilé hàn láti òpin dé òpin, bí ẹnu tí eyín ti ká. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Káfíńtà ń lọ, yàrá kan ṣoṣo ní àjà kẹta, tó ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Akọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bèèrè ibi tí àwọn ilẹ̀kùn yìí ń lọ.

Ó kù ti iwájú. Káfíńtà ti kùn ún, bó ṣe sọ pé òun ó kùn ún. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́."

Káfíńtà yọ ìṣó kan, ó sọ ọ́ sínú agolo, ó yọ òmíràn. Akọ̀wé fẹ́ kì í, bó ṣe máa ń kì í nígbà tó bá parí iṣẹ́ ńlá: ọkọ mi, a-fọwọ́-kan-igi-igi-dàga, ọmọ a-wọn-pákó-má-wọn-ènìyàn. Kò lè kì í lónìí. Ó gbàdúrà nínú, kò sì mọ ohun tí kóun tọrọ.

Ìṣó tó kẹ́yìn jáde. Ilẹ̀kùn náà yẹ̀, ó tẹ̀ síta, ọwọ́ kan ò lè gbà á. Káfíńtà fi èjìká tì í. Kò wo ẹ̀yìn.

"Akọ̀wé," ó wí, "bá mi di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú."