Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Di Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé agbára nìkan ló ń gbé ẹrù kúrò lójú kan, ẹ wá wo Ìyá Ìbejì alágbàfọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ìwé ń dùn mọ́ ọn bí orin, àfi ibì kan: sikélà àti fẹ́kítọ̀. Àǹtí Tíṣà ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá, sikélà, iye nìkan ló ní. Omi gálọ́ọ̀nù méjì, ó parí. Fẹ́kítọ̀ ní iye, ó tún ní ibi tó kọjú sí." Etí ọ̀tún ló gbà wọlé, etí òsì ló gbà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá ti fìdí rẹmi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò ní gbà á sí kíláàsì mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yìí gan-an ni Bàbá Ìbejì, ọkọ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ní káwọn gbé kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá lọ sí pálọ̀. Ìyá ń fà láti pálọ̀, Bàbá ń tì láti yàrá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó há pinpin. Àlàfo tí èèrà máa gbà kò sí.

Ìgbà náà ni Ìyá wo aago, ó káwọ́ lérí. Káàdì ìdánwò wà lábẹ́ ìrọ̀rí nínú yàrá! Kò ráyè sọ fún Bàbá, ó kàn fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù, kó lè padà sínú, kóun ríbi wọlé. Iṣẹ́ wọn kì í sì í lọ láìsí orin.

"Igi wúwo o!"

"A ó tì í!" Bàbá gbè é láti inú yàrá.

"Ọ̀nà há o!"

"A ó tì í!"

Òógùn bò wọ́n. Kọ́bọ́ọ̀dù ò mira.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ tì í!"

"Ṣebí mò ń tì í! Ìwọ lọwọ́ ẹ rọ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi."

"Èmi? Agbára tí mò ń lò yìí tó ti ẹṣin!"

"Tèmi náà tó bẹ́ẹ̀!"

Ìyá dáwọ́ dúró. Agbára ẹṣin méjì, igi ò sún tó ìka kan? "Olówó orí mi, síbo lẹ ń tì í?"

"Síta ni! Ìwọ ńkọ́?"

"Sínú!"

Ẹ̀rín pa Ìyá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá Ìbejì, fẹ́kítọ̀ ni yín!"

"Ta lò ń bú?"

"Ẹ má bínú, fẹ́kítọ̀ lèmi náà. Ó yá, ẹ máa fà á sínú, kí n máa tì í."

Orin ò tíì parí tí kọ́bọ́ọ̀dù fi wọlé gìrìrì, tí Bàbá ṣubú sẹ́yìn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ré ẹsẹ̀ Bàbá kọjá, ó fa káàdì yọ, ó di eré.

Ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò ni: kí ni ìyàtọ̀ sikélà àti fẹ́kítọ̀? Ìyá ya kọ́bọ́ọ̀dù, ó ya ọfà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gígùn wọn dọ́gba, wọ́n dojú kọ ara wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Agbára tèmi àti ti ọkọ mi pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfo. Fẹ́kítọ̀ nìyẹn. Ìdajì wákàtí la fi tì í. Sikélà nìyẹn, kò kọjú síbì kankan."

Àǹtí Tíṣà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ ti yege! Àmọ́ nínú ẹ̀yin àti Bàbá, ta ló borí?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù ni, ọmọ mi. Ó ṣì wà ní yàrá."