Ìbéèrè Níwájú Pẹpẹ

"Ẹ tún un sọ, Fadá. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa."

Ìyá Kí-nìdí ló ń sọ̀rọ̀, aṣọ oyè pupa lọ́wọ́ rẹ̀, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì yunifásítì àwọn Àgùdà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun téèyàn lè sọ ní kíláàsì Filọ́sọ́fì tí kò ní béèrè pé kí nìdí. Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn olùkọ́, òun ló sì máa wọ aṣọ oyè fún gíwá tuntun láàárọ̀ yìí.

Gíwá náà, Fadá tó ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, ń tún kọ́là ọrùn rẹ̀ ṣe níwájú dígí. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ ní Filọ́sọ́fì nígbà kan rí.

"Ẹ má bínú, mà. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. A ò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ Filọ́sọ́fì mọ́. Iṣẹ́ okòwò àti kọ̀ǹpútà làwọn òbí ń béèrè. Ọmọ mélòó ló kù ní kíláàsì yín?"

"Nígbà tìẹ ńkọ́? Ẹ ò pé mẹ́fà! Ṣé mo lé yín?"

"Nǹkan ti yí padà, mà. A ṣáà ti wá ipò sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ olùdámọ̀ràn àgbà fún mi."

"Olùdámọ̀ràn kẹ̀? Ẹ ò bi mí kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ wá fẹ́ kí n máa gbà yín nímọ̀ràn!"

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ṣé àga tuntun ni wọ́n fi ń tu ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ nínú ni? Inú ń bí obìnrin náà gan-an.

Agogo dún. "Ẹ jẹ́ ká lọ, mà," ni gíwá wí. "Bíṣọ́ọ̀bù ti jókòó."

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nìyí: gíwá á kúnlẹ̀, olùkọ́ àgbà á bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, á dáhùn, aṣọ á bọ́ sí èjìká rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èsì náà lórí.

"Kí nìdí tí ilé ẹ̀kọ́ yìí fi wà?"

"Ká lè jọ wá òtítọ́, ibi yòówù tó bá wà," ni gíwá dáhùn wéré. Ó tẹrí ba, ó ń retí aṣọ.

Aṣọ ò kàn án.

"Kí wá nìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ fòpin sí kíláàsì tá a ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá òtítọ́ náà?"

Makirofóònù gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè yìí ò sí nínú ètò. Bíṣọ́ọ̀bù na ọrùn. Àwọn akọrin tó ti lanu sílẹ̀ pa á dé.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," gíwá rọra sọ, òógùn ti bò ó. "Ẹ má dójú tì mí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tó bá yá."

"Ojú ń tì ẹ́? Èmi tó máa lọ sọ ọ́ fáwọn ọmọ kíláàsì mi ńkọ́?"

Gíwá gbé orúnkún kan nílẹ̀. Ìyá Kí-nìdí fa àga kan tó wà nítòsí, ó jókòó, ó ká aṣọ oyè náà sórí itan rẹ̀.

"Ẹ má tíì dìde, Fadá," ó wí. "N ò tíì gbọ́ èsì."